Àpá Tí Mo Rí Lára Ọmọ Mi ní Jàpáànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ bá mi dá sí i. Báwo ni agbẹ̀bí tó ti ń gbẹ̀bí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nílùú Manchester ṣe lè wà láyé, kí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ lóyún, kó sì bímọ, kí òun má mọ̀? Èmi ni agbẹ̀bí náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti dé láti Jàpáànù. Bí ọmọ tuntun bá ké lẹ́nu iṣẹ́, omi á lé ròrò sójú mi, màá wá ibi tí màá sá pamọ́ sí. Ọkọ mi rò pé ìrìn àjò ló rẹ̀ mí.

Mofẹ́ lorúkọ ọmọ mi. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún wa, lẹ́yìn ọdún méje tí a ti ń wojú Olúwa. Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Salford. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ó ní òun á mú mi rìnrìn àjò, èmi àti òun nìkan, lọ sí erékùṣù kan tí mo máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ẹnu ọ̀nà pupa gìrìwò kan ti dúró sáàárín omi òkun, tí àgbọ̀nrín sì ń rìn láàárín èèyàn bí ewúrẹ́ ilé. A wọ bàálù, a wọ reluwé, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ilé àlejò àtijọ́ la dé sí. Ẹní ni wọ́n tẹ́ láti ògiri dé ògiri, bàtà ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, ìyá tó ni ilé sì kúnlẹ̀ kí wa káàbọ̀. Mo ní, "Háà, Mofẹ́, àwọn wọ̀nyí mọ ìwà hù o!" Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin bí mo ṣe ń tú ẹrù.

Wọ́n ní ibi ìwẹ̀ kan fún àwọn obìnrin, omi rẹ̀ ń gbóná láti inú ilẹ̀ wá. Ní ìhòòhò ni wọ́n ń wọnú rẹ̀, wọn kì í gba aṣọ ìwẹ̀ láyè rárá. Èèyàn á kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí kékeré, á fọ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kó tó wọnú omi. Mofẹ́ ní, "Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ máa lọ. Tí ẹ bá dé, èmi náà á lọ." Mo lọ, mo gbádùn ara mi, mo padà, òun náà wá lọ. Àfi bí mo ṣe jókòó tí mo rò ó pé ta ni yóò bá ọmọ yìí fọ ẹ̀yìn. Mo mú kàn-ìn-kàn-ìn tí mo gbé dání láti ilé, mo tẹ̀lé e. Ṣé ìyá ń tijú ìhòòhò ọmọ tó bí ni? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀?

Òun nìkan ló wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó dìde fùú, ó kọjú sí mi. Kó tó ráyè fa aṣọ ìnura bora, mo ti rí i: ìlà kan nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó lọ gbọọrọ láti ọ̀tún sí òsì. Àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí, irú èyí tí mo ti tọ́jú lára àìmọye obìnrin! Ta ló máa ṣàlàyé ẹ̀ fún mi? Kàn-ìn-kàn-ìn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mofẹ́, ọmọ náà dà?"

Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ó wà láyé, Mọ́mì. She's fine. She's five."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà tèmi taṣọ. Ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì ló bí i. Mo rántí ọdún náà! Kò wálé Kérésì, kò wálé Àjíǹde, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi sì ń fi í yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn mí lórí fóònù. Nígbà tó wá padà dé lóṣù kẹjọ, mo ní ó ti rù, mo gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Agbẹ̀bí o! Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ rántí ọmọ Sister Bọ́lá?"

Yéè! Ọ̀rẹ́ mi ni Sister Bọ́lá, ní Swinton. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ lóyún láìlọ́kọ, mo ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì mi, mo sọ létí Mofẹ́ pé, "Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, màá da ẹrù ẹ̀ síta, màá sì sọ fáráyé pé ó ti kú." Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀fọ́ tó jinná. Oyún Mofẹ́ ti pé oṣù méjì lọ́jọ́ yẹn. Torí àtisọ fún mi ló ṣe wálé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, kí Kérésì tó dé.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi ni mo máa ń di ọwọ́ wọn mú tí màá ní, "You're doing brilliant, sweetheart." Ta ló di ọwọ́ ọmọ tèmi mú? Mofẹ́ ní agbẹ̀bí kan ni, ọmọ Nàìjíríà, òun sì ń pè é ní Mọ́mì ṣáá títí wọ́n fi gbé òun lọ síbi iṣẹ́ abẹ.

Ó fi ọmọ náà sílẹ̀ kí àwọn tọkọtaya kan gbà á tọ́. Òfin ti parí ẹ̀, a ò lè gbà á padà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Mofẹ́ nípa ọmọ náà, ó sì láyè láti dá èsì padà. Mofẹ́ ní kí n má tíì sọ fún bàbá òun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n máa bá ọkọ mi jẹun lórí tábìlì kan náà, kí n máa pa irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra? Àbí kí n tún da ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín.

Mo bi Mofẹ́ pé kí ni ó sọ ọmọ náà. Ó ní orúkọ mi ni.