Èmi Kọ́ Ni Mo Rí Kòkòrò Òkè Ọ̀kà

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí wọ́n kírun tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò kan ní Ìkàrẹ́, Lẹ́mọ́mù gba Dókítà Nathaniel Adébíyìí láàyè láti sọ̀rọ̀. Àìsàn kíndìnrín ti sọ ọ́ di eegun, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ohun ìtìjú tó bá ilé Badmus, èmi ni mo fà á."

Mary ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ nílé pé, "Bàbá Gift, ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín ńkọ́?" Kò gbọ́.

Ó tú u palẹ̀. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó ń kọ́ni ní yunifásítì kan, Hanifah Badmus sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọmọ náà a máa gun àpáta Ọ̀kà láàárọ̀, a máa fi àwọ̀n gbá koríko kiri. Ibẹ̀ ló ti mú kòkòrò kan tó ń fò láti ewé dé ewé, tó ń fa omi ewé mu. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ìlà pupa mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Hanifah wò ó nínú maikirosikóòpù, ó sì ya ẹ̀yà ìbímọ akọ rẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn onímọ̀ fi ń mọ irú kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó sáré wá: "Sà, mi ò rí irú èyí nínú ìwé kankan o!"

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ," ni Dókítà wí. "Àmọ́ mo ní, 'Kòkòrò lásán ni, gbé e síbẹ̀.' Ẹ wo ìwà ìkà! Kí ọdún tó yí po, mo ti tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde lórúkọ èmi nìkan, pẹ̀lú àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Orúkọ bàbá mi ni mo fi sọ kòkòrò náà."

Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Nígbà tí Hanifah fẹjọ́ sùn, Dókítà búra níwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì pé ọmọ náà ló wọ yàrá iṣẹ́ òun, tó jí kòkòrò òun kó. Wọ́n lé e. Bàbá rẹ̀, télọ̀ tí kì í fi ìlà iwájú sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí yìí, kò lè gbójú sókè láwùjọ mọ́. Títí ó fi kú, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mo ti kọ̀wé sí yunifásítì àti sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Lófin àwọn onímọ̀, orúkọ kòkòrò náà kò ṣe é yí mọ́, ṣùgbọ́n ayé á mọ ẹni tó rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má torí òkìkí tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Hanifah, forí jì mí."

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Hanifah dìde láàárín àwọn obìnrin. "Ẹ dúró, sà. Èmi nìkan kọ́ lẹ ṣẹ̀. Bàbá mi ò gbọ́."

"Ẹ mú mi lọ bá a," ni Dókítà wí.

Wọ́n tì í lẹ́yìn dé itẹ́ òkú. Ó kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀, ó ní, "Bàbá Badmus, irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ yín." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Hanifah tó bú sẹ́kún.