Ẹsẹ̀ Tí Ò Mọ Búrékì Mọ́

[Ìpè kan ṣoṣo, lọ́sàn-án. ÀBÚRÒ wà níbi tó ti ń ta oògùn. Ẹ̀GBỌ́N, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, wà lẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀ náà.]

ÀBÚRÒ: Hello? Ẹ kú ọ̀sán, Àǹtí mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́? Ṣé kò sí o?

Ẹ̀GBỌ́N: A dúpẹ́. Ọkọ ẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Òun gan-an ni mo torí ẹ̀ pè. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹn.

ÀBÚRÒ: Hẹn kẹ̀? Mo ní wọ́n ti suspend ẹ̀! Wọ́n ní búrékì bọ́ọ̀sì yín ò mú láàárọ̀, pé òun tó jẹ́ mẹkáníìkì yín ò ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó sì ní òun yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, kò lábùkù—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ó jókòó sílé, ó ń wo ògiri. Kò jẹ, kò mu. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo dé géètì, mo fẹ́ dúró, mọ́tò ò dúró. Ó gun ibi tí géètìmáànù máa ń jókòó sí. Àga ẹ̀ ti fọ́ yángá.

ÀBÚRÒ: Yéè! Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti dìde lọ tọ̀. Ìtọ̀ ló gba ọkùnrin yẹn là.

ÀBÚRÒ: Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n rò pé eré ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbà mí o! Àǹtí, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ilé onílé ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mí. Àbúrò mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ dé ibi iṣẹ́.

ÀBÚRÒ: Bàtà kẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Èkejì bọ́ lójú ọ̀nà, mi ò mọ̀. Mo fẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta, mi ò mọ̀. Obìnrin kan ló sáré gbé e wá bá mi níbí.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò mọ̀ bí i— Láti ìgbà wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ṣe díẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn látẹ́lẹsẹ̀ mi. Èèrà ọ̀hún ti lọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

[Ìlà ń já.]

ÀBÚRÒ: —họ́mónù yẹn— Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó já. Tún un sọ.

ÀBÚRÒ: Mo ní, yàtọ̀ sí oògùn họ́mónù tí dókítà fún yín nígbà tí nǹkan oṣù yín dáwọ́ dúró, kí lẹ tún ń lò?

Ẹ̀GBỌ́N: Fítámínì. Tìẹ tó o ní ó wà fún eegun. Ti ìyàwó ọmọ mi, ó ní ó ń lé àárẹ̀. Ti aládùúgbò mi, ó ní ó ń fọkàn balẹ̀.

ÀBÚRÒ: Gbogbo ẹ̀ lẹ pa pọ̀ ń lò?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé kí n wá lo tìẹ, kí n má lo ti ìyàwó ilé? Tó bá ti dé, á gbé ike ẹ̀, á gbọ̀n ọ́n wò bóyá ó ti ń lọ sílẹ̀. Aládùúgbò náà ń bèèrè. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fún mi, mi ò lè dójú tì wọ́n.

ÀBÚRÒ: Àwọn ike yẹn dà? Please, ẹ kà á fún mi. Ẹ wá Vitamin B6.

[Ike ń kọlu ike nínú báàgì ẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà lára tìẹ. Ó wà lára ti ìyàwó. Ti aládùúgbò, B6 nìkan ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ọlọ́run mi. Àǹtí, tí B6 bá ti pọ̀ jù, tó sì pẹ́ lára, ó lè ba iṣan tó ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ mọ nǹkan jẹ́. Iṣẹ́ mi nìyí! Mo kó o fún yín, mi ò bèèrè ohun tẹ́ ẹ tún ń lò—

Ẹ̀GBỌ́N: Má sunkún. Àwọn oníbàárà ẹ ń wò ẹ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ má fẹnu kan ìkankan nínú wọn mọ́. Ti họ́mónù, ẹ má dá ìyẹn dúró fúnra yín o. Kí dókítà rí yín lónìí yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa.

ÀBÚRÒ: Kò dáa! Ta ló ní búrékì ò mú?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni. Wọ́n bi mí, ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn. Mo tẹ nǹkan kan. Bóyá búrékì ni, bóyá ilẹ̀ ni, mi ò lè búra.

ÀBÚRÒ: Ẹ sì mọ̀ pé ọkọ mi ni wọ́n máa—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀. Ó yẹ kó dùn mí. Látàárọ̀ ni mo ti ń dúró kó dùn mí.

ÀBÚRÒ: Ẹ lọ sọ fún wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí mo bá sọ ọ́, mo ti wakọ̀ tán nìyẹn. Ta ló máa gba àgbà obìnrin síṣẹ́?

[Ariwo àwọn ọmọdé, ó ń sún mọ́.]

ÀBÚRÒ: Àǹtí, ibo lẹ wà? Irú ariwo wo nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀sì míì. Ilé-ìwé ti jáde. Mo fẹ́ kó wọn lọ sílé.

ÀBÚRÒ: Há! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ìlà ń já.]

ÀBÚRÒ: —mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọmọ ọlọ́mọ ni— Ṣé ẹ gbọ́—

[Ohùn ọmọdé: Ẹ kú ọ̀sán, mà!]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ.

[Ẹ́ńjìnnì kú.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Gbogbo yín. Kí ẹnì kan bá mi pe Mádáàmù ọ̀gá ilé-ìwé wá.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣé. Ẹ ṣé, Àǹtí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Má tíì lọ. Dúró tì mí. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo wà ńbí.

[Ohùn obìnrin: Kí ló dé táwọn ọmọ fi wà nílẹ̀?]

Ẹ̀GBỌ́N: Mádáàmù, búrékì kọ́ o. Mẹkáníìkì ò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ mi—

[Ìpè já.]