Pátákó Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Oko Bàbá Mi Lọ́wọ́ Mi

Ògo ni fún Ọlọ́run tó mọ ilẹ̀kùn tí òtítọ́ wà! Ẹ gbé E ga! Ẹ tún gbé E ga! Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ "Kọ́ọ̀tù" kà dáadáa. Mímọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláìnílẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ oko iṣu tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Okaka níbí. Àkàngbé, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, hú pèrègún ààlà, ó sì lọ tún un gbìn sáàárín ebè mi. Mo pè é lẹ́jọ́ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, mo tètè dé ọgbà ìjọba. Pátákó ńlá kan wà lẹ́nu géètì. Wọ́n kọ "Kọ́ọ̀tù" sí i, wọ́n sì ya ọfà tó kọjú sí apá òsì. Síbẹ̀, mo bi olùṣọ́ géètì léèrè ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí pátákó ni?"

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Mo béèrè, mo sì ṣìnà!

Àwọn abiyamọ ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn apá òsì. Mo ṣebí ẹjọ́ ni wọ́n wá rò; mo jókòó tì wọ́n. Oòrùn ti kàn wá látàrí kí nọ́ọ̀sì tó bi mí pé, "Bàbá, ọmọ tiyín dà? Àbí ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

Ìyálọ́mọ kan ní, "Ẹ jẹ́ ká pọn ọ̀kan sí wọn lẹ́yìn!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Kọ́ọ̀tù ti kó lọ sí ilé tuntun lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó rántí tún pátákó kọ. Nígbà tí mo fi máa sáré débẹ̀, akọ̀wé ní, "A pè yín títí, ẹ ò jẹ́. Adájọ́ ti gbé ilẹ̀ fún Àkàngbé."

Mo ní, "Pátákó yín ló ṣì mí lọ́nà."

Ó ní, "Ẹ lọ pe pátákó lẹ́jọ́."

Háà! Mo sunkún délé. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Débọ̀, ẹ padà lọ. Ọlọ́run ò sùn." A gbààwẹ̀, mo sì padà. Pátákó irọ́ ṣì dúró síbẹ̀! Inú bí mi. Mo ya ẹ̀ka dógóyárò, mo fi dí ọ̀nà apá òsì, bí a ti ń dí oríta oko kí èrò ẹ̀yìn má baà ṣìnà. Mo wá lọ jókòó sí kọ́ọ̀tù.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa! Gbogbo abiyamọ tó ń bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ rí ẹ̀ka, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n sì kún inú kọ́ọ̀tù. Ẹkún ọmọ gba ibẹ̀ kan! Adájọ́ figbe ta: "Ta ló kó ọmọ ọwọ́ wá síwájú mi?"

Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó ń wá èrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá alábẹ́rẹ́! Ṣé ibí lẹ tún jókòó sí lónìí?"

Adájọ́ ní, "O mọ̀ ọ́n?"

Ó ní, "Mo mọ̀ wọ́n, sà. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kọjá, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n jókòó sí títí di ọ̀sán."

Mo fò dìde, mo ní, "Sà, ọjọ́ tí wọ́n ní mi ò wá jẹ́jọ́ ilẹ̀ mi nìyẹn!" Ẹ ṣé o, Jésù! Adájọ́ ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Nígbà tí wọ́n dé oko, gbòǹgbò pèrègún àtijọ́ ti rúwé níbi tí bàbá mi gbìn ín sí. Wọ́n dá ilẹ̀ mi padà fún mi.

Wọ́n ti tún pátákó kọ, wọ́n sì kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ò tíì bẹ̀ mí títí dòní; mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹni yòówù tí wọ́n bá wí fún pé kò wá, nígbà tó sì wà níbẹ̀, kó má ṣe lọ sílé lọ jókòó. Ọlọ́run rí ẹnu ọ̀nà tó jókòó sí. Ẹ bá mi dúpẹ́! Iṣu tí ẹ rí níwájú pẹpẹ yìí, láti oko náà ni mo ti gbé e wá.