Owó Géèmù Tó Fẹ́ Ti Ọmọ Mi Mọ́ Ẹ̀wọ̀n

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ọ̀ràn yìí wọ ilé mi, mo sì rò pé mo ti rí gbogbo ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn. N kò tíì rí i. Ẹ tún bá mi gbé e ga nítorí Ìyá Dáre tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Òun ló yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí yìí, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá fi lè di máìkì mú, ẹkún nìkan ni ẹ óò gbọ́. Ó ní kí èmi sọ ọ́, kí n sì sọ ọ́ létòlétò bí mo ti ń ṣe nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Màá gbìyànjú. Bí ohùn mi bá gbọ̀n, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ọ̀pọ̀ yín mọ Dáre, àbíkẹ́yìn wa. Niamey níbí la bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, yunifásítì tó wà lódìkejì odò, lápá Lamordé, ló sì wà nígbà náà. Yorùbá rẹ̀ kò nípọn. Bí ó bá ní, “Papa, mo ti répondre wọn,” màá ní, “Dáre, o ti dá wọn lóhùn.” Á rẹ́rìn-ín, á tún un sọ, lọ́la á tún ṣì í sọ. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Kì í rìn kiri.

Géèmù kan wà lórí fóònù tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe. Ogun ni wọ́n ń jà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ́gun á gba kọ́ìnì, kọ́ìnì yẹn ni wọ́n sì fi ń ra ìbọn àti aṣọ fún ọmọ ogun inú géèmù. Kì í ṣe kọ́ìnì onírin o. Inú fóònù ló ń gbé, kò lè ra ata lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní sùúrù láti jagun fúnra rẹ̀ a máa fi owó gidi rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti jà. Dáre bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ó fi ń ra mégà sórí fóònù rẹ̀, ó fi ń wọ takisí lọ sílé ìwé, ó tilẹ̀ ra ìborùn kan fún ìyá rẹ̀.

Mo pè é jókòó lọ́jọ́ kan. Mo ní, “Dáre, kí lo ń tà gan-an?”

“Kọ́ìnì ni, Papa.”

“Ta ló ni ín?”

“Èmi ni. Mo gagner ẹ̀, èmi ni mo jagun gbà á.”

“Àwọn tó ni géèmù náà ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà pé kí o tà á?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Papa, gbogbo ayé ló ń tà á.”

Mo sọ fún un pé gbogbo ayé kọ́ ni mo bi í. Ìyá rẹ̀ dá sí i láti ìdí àdògán. Ó ní, “Bàbá Dáre, ẹ fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀ o. Ṣebí kò jalè.” Òótọ́ ni, kò jalè. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ohun kan tí gbogbo wa ń ṣe nínú ìlú yìí. Ní ilé àwa Yorùbá níbí, káàdì ìdánimọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń gùn bí ẹṣin. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti pé la fi ń ra síìmù fún ìyàwó, fún ọmọ, fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé tí kò tíì já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Síìmù tí Dáre fi ń gba owó kọ́ìnì, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀.

Àsìkò ìpolongo ìbò ni. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń pariwo kọjá ní ìta wa, n kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹni tó pè mí ń sọ. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo gbọ́ Faransé rẹ̀ kedere. “Mùsíọ̀, kọmísáríà ọlọ́pàá la ti ń pè yín. Ẹ mú káàdì yín lọ́wọ́.” Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ óò gbọ́ bí ẹ bá dé.”

Ṣé ẹ mọ bí kọmísáríà ti rí lójú ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀? Dáre ní òun máa tẹ̀ lé mi.

Obìnrin ẹ̀yà Zarma kan ni a bá níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹni tó ń ta ewébẹ̀ ní ọjà Petit Marché. Ẹnìkan ti jí fóònù rẹ̀ níbi tó ti ń bu omi wọ́n ọjà rẹ̀. Kí ó tó rí ẹni tó máa bá a ti síìmù pa, owó tó fi pamọ́ sínú síìmù náà ti lọ.

“Ó lọ síbo?” ni mo wí.

Ọ̀gá náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. “Sọ́dọ̀ yín, Mùsíọ̀. Orúkọ yín kọ́ nìyí?”

Ẹ̀yin ará, orúkọ mi ni. Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ sórí ìwé wọn láti fi mọ olùkọ́ wọn, òun ló wà lójú kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ olè. Dáre ló sọ̀rọ̀. “Chef, Papa ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo ń lo síìmù yẹn. Èmi ni mo gba owó náà. Mo ta ọjà fún ẹnìkan ni.”

“Ọjà wo?”

“Kọ́ìnì.”

“Kọ́ìnì dà?”

“Mo ti fi ránṣẹ́ sí i.”

“Níbo?”

“Nínú géèmù, Chef.”

Ọ̀gá wo ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ní, “Afẹ́fẹ́ ló tà.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin eléwébẹ̀ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní, “Ó dára. Ṣí géèmù náà. Fi ẹni tó gba kọ́ìnì hàn mí, a ó lọ mú un.”

Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Dáre ṣí i. Àwọn tó ni géèmù ti tì í mọ́ ìta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n rí i pé ó ń ta kọ́ìnì, òfin wọn kò sì gbà á, nítorí náà wọ́n ti gba gbogbo rẹ̀ títí láé. Inú géèmù yẹn ni òun àti oníbàárà náà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ onítọ̀hún wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà pé ó gba kọ́ìnì. Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ mi ni owó obìnrin tí wọ́n jí fóònù rẹ̀.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí ó bọ́ bẹ́líìtì àti bàtà rẹ̀. Bí wọ́n ti ń mú un wọlé, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Papa, ẹ má sọ fún Maman pé wọ́n bọ́ bàtà mi.”

Mo délé. Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀yìn mi. “Ọmọ mi dà?” Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Ṣé ó jẹun? Ṣé ó rí ibi jókòó sí? Ilẹ̀ ibẹ̀ á tutù, ṣé bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀?” Èmi tí mo máa ń sọ fún un pé kí ó máa béèrè ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yí padà jáde lọ wá ẹni tó máa ràn wá lọ́wọ́.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Plateau níbí, bóyá ó mọ ẹni tó mọ ẹnìkan. Kò tàn mí. Ó ní, “Olùkọ́, bí wọ́n bá ti gbé e dé iwájú agbẹjọ́rò ìjọba, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò ti dúró de ẹjọ́. Bí ó bá sì jáde, wọ́n lè ní kí ó máa lọ sílùú rẹ̀.” Ìlú wo? Dáre kò mọ ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, n kò rí gbólóhùn kan sọ. “Bàbá. Bàbá.” Ìyẹn nìkan ni mo ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìpọ́njú tí àdúrà kò sì wá sẹ́nu yín, ẹ má bẹ̀rù. Ó gbọ́ ìyẹn náà.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ọ̀gá ní òun máa kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Dáre, tó wà lórí tábìlì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ ni. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Ẹ gbé e.” Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, lédè Yorùbá, “Allô, Dáre? Mi ò rí ẹ nínú géèmù mọ́. Mo fẹ́ kọ́ìnì sí i, bíi ti ọjọ́sí.”

Ẹ yin Olúwa. Ilẹ̀kùn géèmù tí wọ́n tì mọ́ ọmọ mi, tí mo rò pé òun ló pa á, òun ló mú kí ẹni yìí pè. Kò rí i níbi tí wọ́n ti máa ń pàdé mọ́. Nọ́ńbà tó fi owó ránṣẹ́ sí nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá kò gbọ́ Yorùbá. Ó kàn ń fi ọwọ́ yí i pé kí n máa sọ̀rọ̀ lọ. N kò mọ ohun tí a ń bá olè sọ. Mo bá sọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní, “Bàbá Dáre ni mí.”

Ohùn náà yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú sà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Àlàáfíà kọ́ lẹ jí?”

“A dúpẹ́ sà.”

“Màmá ńkọ́?”

“Wọ́n wà, wọ́n ti lọ sọ́jà sà.”

“Ó dára. Ọmọ ta ni ọ́?”

Ó sì sọ fún mi. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó sọ ohun tí ìyá náà ń tà àti ibi tí wọ́n ń gbé, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ti í dá àgbà lóhùn. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ìdí tó fi pè. Ó pa ìpè náà.

Mo mọ ìyá náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ẹ má sì bi mí nígbà tí a bá jáde.

Ọ̀gá ní, “Kí ló wí?”

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù tó ti ń bà mí látàná, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìṣẹ́jú yẹn. Ọmọ mi wà lẹ́yìn ògiri. Ọmọ ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi káàárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kan ló máa tì í mọ́ ìkejì. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ lọ bá ìyá náà, kí ó má jẹ́ pé ọlọ́pàá ni yóò ti gbọ́ ọ níṣojú ọjà.

Ó ní, “Malam, bí ọmọ náà bá sá lọ ńkọ́?”

Mo ní, “Ọmọ tèmi wà lọ́wọ́ yín.”

Ìyá náà ń ká aṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà nígbà tí mo dé. “Olùkọ́, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí nǹkan o?” Mo ní kí ó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò pariwo, kò bú mi. Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní, “Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ọmọ yín ni òun.” Ó so gèlè rẹ̀ le, ó ní kí aládùúgbò bá òun wo ọjà, a sì jọ lọ sílé rẹ̀. A bá ọmọ náà tó ń di aṣọ sínú báàgì. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Wọ bàtà rẹ.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ lọ sí kọmísáríà.

Ọmọ náà jẹ́wọ́. Síìmù tó fi pè, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá owó obìnrin Zarma náà padà, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ìyẹn dì í mú, ó ń fi Hausa sọ fún un pé abiyamọ ni àwọn méjèèjì. Ó ní òun kò bá Dáre ṣẹjọ́ mọ́. Ọ̀gá pe Dáre jáde, ó ní, “Lọ sílé. Ohun tí o kò lè fi hàn mí, má tà á mọ́.” Ọmọ mi gba bàtà rẹ̀, kò tilẹ̀ lè so okùn rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ so ó fún un. Mo dúpẹ́! Olúwa, mo dúpẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ lórí pẹpẹ. Wọ́n bá fóònù mìíràn tó jí nínú báàgì tí ọmọ kejì gbé lọ́wọ́, wọn kò jẹ́ kó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Bí èmi àti Dáre ti ń wọ takisí, mo rí ìyá náà lẹ́bàá ọ̀nà, ó dá dúró. Mo ní kí ó wọlé sọ́dọ̀ wa. Ó ní kí a máa lọ, òun fẹ́ dúró díẹ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun gbé oúnjẹ wọlé. Ìyá Dáre ló ń bá a se oúnjẹ náà báyìí, wọ́n jọ máa ń gbé e lọ ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń bá mi yọ̀, ẹ máa bá mi gbàdúrà fún ẹni tí a kò tíì tú sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí wàhálà ká mọ́lé lónìí, Ọlọ́run kò jìnnà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta owó géèmù, mo ti rí i pé ẹni tó ni géèmù lè gbà á lọ́wọ́ yín nígbàkígbà, owó tí ẹ gbà lè jẹ́ owó olówó, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ẹ lè gbé kọ́ìnì yẹn lọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ lọ wo iye síìmù tó wà lórí káàdì yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀ràn ilé mi kọ́gbọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín lónìí bí owó rẹ̀ ti ń wọlé, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn, nígbà tó ṣì wà níwájú yín.