Ohun Tí Yóò Hù Lórí Sàréè

Lọ́dún tí àwọn Faransé gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa, mo dúró nídìí àtẹ bàbá eléwé kan lọ́jà Kétu, nígbà tí obìnrin kan tó ti abúlé Okpomèta wá ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Bàbá, mo fẹ́ ohun kékeré tí n ó gbìn sórí sàréè ọmọ mi. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni. Òwúrọ̀ nìkan ni oòrùn ń débẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ."

"Mú àbámodá. Kì í ga, ọ̀dá kì í pa á. Ewé rẹ̀ kan péré tó bá já bọ́ sílẹ̀, ọmọ ni yóò yọ létí rẹ̀ yíká."

Obìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Rárá o, Bàbá. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí, tòun tọmọ inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n gbin ohun tó ń bímọ lé e lórí."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sunkún. Bàbá dá àbámodá náà padà sórí àtẹ. Ó fa ọ̀dúndún yọ.

"Èyí náà kò ga. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi díẹ̀, ọmọ mi, mo sì gbọ́ pé kànga abúlé yín ti gbẹ."

"N ó máa bù fún un nínú èyí tí mò ń mu."