Èmi Ni Mo Ti Káàdì Àtijọ́ Àǹtí Mi Pa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí. Inú mi ń dùn, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Méjèèjì ló ń ṣe mí pa pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Orúkọ tí mo pe àwọn èèyàn níbí kì í ṣe orúkọ wọn.

A ti nílé! Àǹtí mi ra ilé! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, ní Upper Marlboro ní Amẹ́ríkà níbí. Mo sáré gun òkè, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo tún sáré gòkè. Èmi tí mo ti ń sùn sórí àga pálọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé Amẹ́ríkà, mo ti ní yàrá tèmi, fèrèsé méjì ló ní! Mo sunkún. Àǹtí Fúnmi náà sunkún. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Bọ̀sẹ̀, Ọlọ́run ti dójú ti ọ̀tá."

Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá. Obìnrin náà ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, àǹtí mi fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín báyìí nìyẹn.

Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà dé láti Ìbàdàn. Àǹtí Fúnmi ló gbà mí sí apartment wọn ní Capitol Heights. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Cheverly ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe báǹkì lórí fóònù, "pardon? pardon?" ni wọ́n á máa gbọ́ títí inú á fi bí wọn. Èmi wá ń wo tẹlifíṣọ̀n, mò ń fi ahọ́n ṣe bíi ti àwọn ará ibí. Bí fóònù ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Tí ẹni orí fóònù bá béèrè bóyá èmi ni Àǹtí Fúnmi, màá ní, "Yes, this is she." Àǹtí mi á máa rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo lẹ́tà náà, èmi ni mò ń já a.

Gbèsè wà lórí káàdì tí wọ́n fi ń rajà láwìn, káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà nílùú yìí. Èlé rẹ̀ sì ń ga sí i. Wọ́n sì fẹ́ ra ilé. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì Wálé, ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n balance transfer: kí wọ́n gba káàdì tuntun tí kò ní gba èlé fún ọdún kan, kí wọ́n kó gbèsè àtijọ́ lọ sórí ẹ̀. Mọ́mì Wálé jókòó ní pálọ̀ wa, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n wá nàka sí mi.

"Bọ̀sẹ̀ olóyìnbó, gbọ́ o. Tí wọ́n bá béèrè káàdì tuntun, máàkì credit wọn, tí báǹkì fi ń mọ ẹni tí wọ́n lè yá lówó, á kọ́kọ́ já díẹ̀. Má bẹ̀rù, á padà sókè. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kó gbèsè yẹn tán, má ti káàdì àtijọ́ pa o! Jẹ́ kó ṣófo, kó wà bẹ́ẹ̀. Òfìfo yẹn gan-an ló máa gbé máàkì Sister Fúnmi ró."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Nílé, tí bàbá mi bá san gbèsè kọ́pọ́rétíìfù tán, wọ́n máa ń fa ìwé rẹ̀ ya lójú gbogbo wa, a ó sì pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe mọ gbèsè tó tán nìyẹn. Ọjọ́ tí gbèsè kúrò lórí káàdì àtijọ́, mo pe ilé iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní ó ti di òdo, ṣé ohun mìíràn wà? Inú mi dùn débi pé mo ní kó tì í pa. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo kàn fẹ́ fa nǹkan ya ni.

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rántí ọ̀rọ̀ Mọ́mì Wálé. Nígbà tí lẹ́tà pé wọ́n ti tì í pa dé, mo fi í sábẹ́ tìmùtìmù àga tí mò ń sùn sí.

Ó ti yé mi báyìí. Bí abọ́ méjì ni. Ọ̀kan kún, ọ̀kan ṣófo, wọ́n á ní ẹni náà ń ṣe jẹ́jẹ́. Èmi gbé èyí tó ṣófo sọ nù, ó wá ku èyí tó kún dẹ́nu. Lójú àwọn ará báǹkì, gbèsè ti mu àǹtí mi dé ọrùn. Máàkì wọn já wálẹ̀, kò sì padà sókè bí Mọ́mì Wálé ṣe wí. Báǹkì kọ̀, wọn ò yá wọn lówó ilé. Ilé tí wọ́n fẹ́ rà nígbà yẹn bọ́.

Sunday tó tẹ̀ lé e, àǹtí mi ká Mọ́mì Wálé mọ́ ibi tí a ń páàkì mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ ti nílé tìẹ, o ò wá fẹ́ kí èmi ní tèmi!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí wọ́n pe Mọ́mì Wálé ní "ìwọ".

"Sister Fúnmi, ẹ rọra. Ẹ ò ti káàdì àtijọ́ pa ṣá?"

"Ta ló tì í pa? Òun rèé!" Àǹtí mi yọ ọ́ nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì. Káàdì tó ti kú.

Mọ́mì Wálé wo ojú mi. "Bọ̀sẹ̀, ṣé o tì í pa ni?"

"Rárá, mà."

Ọdún mẹ́ta rèé. Wọn ò kí ara wọn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ, wọn ò fọ̀rọ̀ àṣírí lọ Mọ́mì Wálé mọ́. Mọ́mì Wálé, tó fún mi ní kóòtù òtútù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ nílùú yìí! Àǹtí mi ń ṣe iṣẹ́ méjì kí máàkì wọn tó gòkè padà, orúnkún ń dùn wọ́n, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná jó o fún wọn.

Sunday tó kọjá, Mọ́mì Wálé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti rán aṣọ fèrèsé fún ilé tuntun. "Ẹ kú oríire o. Má sọ pé èmi ni, kí wọ́n má baà dá a padà." Yàrá mi ni mo fi kọ́ sí. Àǹtí mi wò ó, wọ́n ní ó mà dáa o, níbo ni mo ti rà á?

Wọ́n ti ní kí n bá wọn kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀. "Kọ ọ́ kó dùn o. Ọ̀rẹ́ tí mo finú hàn ló fẹ́ já mi kulẹ̀." Wọn ò ní dárúkọ, àmọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa yíjú sí ìjókòó Mọ́mì Wálé.

Méjì ni mo kọ. Ọ̀kan ni bí wọ́n ṣe wí. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ọmọ tí mo gbà sílé ló tì í pa." Méjèèjì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo fẹ́ràn yàrá yìí, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá lé mi, mi ò lẹ́nì kankan nílùú yìí. Èwo ni kí n fún wọn? Àbí kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́? Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sunday yẹn tó pé.

Mọ́mì Wálé, orúkọ yín kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ máa mọ ara yín. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò lọ́jọ́sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo tì í pa.