Ẹnu Tó Ṣáájú Bọ́ọ̀lù

Nínú takisí láti Katako lọ sí Lazaret, ní ìlú Niamey, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá oníṣòwò aṣọ kan àti ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe rẹfirí bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù.

"Bàbá, bọ́ọ̀lù yẹn ń yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí yanrìn, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ó rọra kọjá ìlà eérú tí a fà. Mo pariwo pé ó ti jáde. Ló bá tún yí padà, ó wá dúró sórí ìlà."

"Orí ìlà ńkọ́? Inú ni àbí ìta?"

"Inú ni. Ìlà gan-an, ara inú ni. Ó yẹ kí n jẹ́ kó yí tán. Àmọ́ tí rẹfirí bá ti pè é ní ìta, ó parí nìyẹn. Àwọn tó gbá a pàdánù. Ẹnu mi ló ṣáájú bọ́ọ̀lù."

Bàbá ń wo eruku ojú ọ̀nà títí.

"Ẹnu ṣáájú bọ́ọ̀lù," ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń lá àlá. "Lọ́dún tó kọjá, àwọn mọ̀lẹ́bí mi pín ilẹ̀ bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní èmi ará Niamey ti jáde, wọn ò fún mi ní ìpín. Ọmọ mi, mo ṣì ń yí."